Ẹni Tó Ń Sún Àga Sẹ́yìn

Ọkọ mi fẹ́ràn bọ́ọ̀lù àti kẹ̀kẹ́ jù mí lọ, mo sì ti gba kámú. Obìnrin wo ni kò ní orogún? Tèmi kàn ní táyà méjì ni, ìkejì rẹ̀ sì jẹ́ awọ tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Kí n tó fẹ́ ẹ ni mo ti mọ̀, torí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí àwọn òbí mi, kẹ̀kẹ́ ló gùn wá, ó sì so rédíò kékeré kan mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà nítorí pé bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Bàbá mi bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ó ní aago lòun ń tún ṣe. Bàbá mi wo àwọn ìka rẹ̀ tín-ín-rín wọ̀nyẹn, wọ́n ní ẹni tó bá lè ní sùúrù fún aago, kò ní fi ìkanra bá ọmọ àwọn gbé. Wọn ò mọ̀ pé bí bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀, sùúrù tán nìyẹn.

Ọ̀gá Aago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fẹ̀ ju kí ènìyàn méjì jókòó kí orúnkún wọn máa kanra lọ. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, iná kékeré kan tẹ orí ba lórí rẹ̀, aṣọ funfun sì wà lórí tábìlì náà kí ohun tó bá já bọ́ má bàa sọnù. Èmi ni mò ń fọ aṣọ funfun yẹn, torí alágbàfọ̀ ni mí. Tí Ọ̀gá Aago bá fi awò sójú, á fi ẹ̀mú mú irin wínníwínní tí kò tó orí abẹ́rẹ́, á sì fi í sí àyè rẹ̀ láì jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Ẹ máa rántí irin yẹn o, torí òun ló tan gbogbo wa jẹ.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí. Agbẹjọ́rò là ń pè é, nítorí pé láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń jiyàn. Tí ẹ bá ní kó lọ sùn, á béèrè lọ́wọ́ yín pé òfin wo ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá nà án, á sunkún, á sì máa bá ẹjọ́ rẹ̀ lọ nínú ẹkún náà. Bàbá rẹ̀ ló bà á jẹ́, mo ti sọ ọ́ tán.

Àràárọ̀ Sátidé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń bá ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ àdúgbò wa jáde. Kì í ṣe àwọn tó ń gba ife ẹ̀yẹ là ń sọ o. Aṣebúrẹ́dì tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ni olórí wa. Gẹ́rígẹ́rí tó ń gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì wà níbẹ̀, tìyá tọmọ ilé tíṣà wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé sì pọ̀. A máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú, a ó da gẹ̀rẹ́ lọ sídìí afárá, a ó sinmi, a ó padà wálé kí bọ́ọ̀lù ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀. Òfin wa ò pọ̀. Ẹni tó wà níwájú ló ń wo ọ̀nà fún gbogbo wa. Tí kòtò bá wà lósì, á na ọwọ́ òsì sísàlẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e á nawọ́ bẹ́ẹ̀, títí á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn. Tó bá máa dúró, á nàka sókè. Kò sí ariwo, ọwọ́ nìkan ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn kì í rí kòtò kankan, ọwọ́ ẹni iwájú rẹ̀ ló ń rí, ó sì ti gbà á gbọ́.

Nígbà kan rí, ẹ̀yìn Aṣebúrẹ́dì gan-an lọkọ mi máa ń wà, tí á máa mí sí i lọ́rùn kó lè sáré. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ní ẹ̀yìn lágbà ń wà kó lè máa ṣọ́ àwọn ọmọdé. Inú mi dùn, mo ní ọgbọ́n ti dé wàyí. Nínú ilé náà, àga rẹ̀ tó máa ń wà nímú tẹlifíṣọ̀n débi pé orí rẹ̀ ló máa ń dí wa lójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún un sẹ́yìn. Ó sún un títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ máa wo bọ́ọ̀lù láti ìta ni. Ó ní kóòṣì kì í dúró sáàárín pápá.

Ti góòlù gan-an ló yẹ kó yé mi. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ò tíì kan bọ́ọ̀lù tí òun ti pariwo! Ó wá di pé ilé máa pariwo, àdúgbò máa pariwo, kí òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pariwo tirẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní ṣé ẹsẹ̀ ni góòlù tiyín fi ń rìn bọ̀ ni. Á rẹ́rìn-ín. Ife tíì tí mo bá gbé sí òsì rẹ̀, á fi ọwọ́ gbá a dànù, èmi náà á sì sọ̀rọ̀ sí i bí òjò, torí aṣọ tábìlì wo ni èmi ò ní fọ̀? Èjìká rẹ̀ ń gbá òpó ilẹ̀kùn. Mo ní ó ń rìn bí ọ̀mùtí láì mu nǹkan kan. Ojú ò sí lọ́kàn mi rárá. Ẹni tó ń rí irin inú aago, ta ló máa sọ pé ojú ló ń ṣe é?

Ó wá di Sátidé kan báyìí. Aṣebúrẹ́dì fi ẹsẹ̀ rọ́ nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ọ̀pá rìn wá sí ibi tá a ti ń pàdé, ó ní Ọ̀gá Aago ni kó ṣáájú wa lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi ní rárá. Ó ní ṣéènì òun ò dára. Gẹ́rígẹ́rí bẹ̀rẹ̀, ó yí ṣéènì náà wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Ọkọ mi tún ní orí ń fọ́ òun díẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Gẹ́rígẹ́rí ní ẹni tó ń rí inú aago obìnrin, kòtò wo ló lè sá pa mọ́ fún un? Ọkọ mi wò mí. Mo rò pé ìyọ̀ǹda ló ń tọrọ, mo bá a so okùn akoto rẹ̀, mo ní kó máa lọ jàre. Agbẹjọ́rò ti ki kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ní lábẹ́ òfin, ọmọ ló ń tẹ̀ lé bàbá. Èmi tẹ̀ lé ọmọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé wa.

Kòtò àkọ́kọ́ wà níbi ọgbà ilé ẹ̀kọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò nawọ́. Táyà ọmọ mi jìn sí i, kẹ̀kẹ́ ta gìrì, ó ta sọ́tùn-ún sósì, ó sì dúró. Inú bí mi. Mo ní bọ́ọ̀lù ọ̀sán ló ti wà lórí ọkùnrin yìí, màá bá a sọ ọ́ nílé. Ẹ̀rù ò tíì bà mí nígbà yẹn, ìbínú lásán ni.

A dé oríta. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ń bọ̀ láti òsì, ó ń sáré, èmi tí mo wà lẹ́yìn gan-an ń rí i. Mò ń retí kí ọkọ mi nàka sókè. Kò nàka. Kò yíjú. Ó kàn wọ ojú títì lọ bí ẹni tó ń wọ yàrá ara rẹ̀, ọmọ mi sì tẹ̀ lé e. Mo lanu, ohùn ò jáde. Bíréèkì ọkọ̀ náà ké, òórùn rọ́bà gba gbogbo ibẹ̀, nígbà tí ojú mi sì padà là, iná iwájú ọkọ̀ náà ò ju ibi tí ọwọ́ Agbẹjọ́rò lè nà dé lọ. Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò èébú lé wa lórí. Ó jàre.

Ẹ gbọ́ ohun tó já mi láyà ju ọkọ̀ náà lọ. Ọkọ mi dúró lódìkejì, ó yí orí rẹ̀ pátá láti wo ibi tí ariwo ti ń wá, ó sì ń wá ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ tó ga tó ilé! Ojú rẹ̀ ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, kó tó wá rí i. Àga, ife tíì, òpó ilẹ̀kùn, góòlù tó ń pẹ́, gbogbo rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà lọ́kàn mi. Ojú ti tì í, ó ti tún gùn ún lọ kí n tó sọ̀rọ̀, ó ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọmọ wa sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí afárá ló kàn.

Mo tẹ kẹ̀kẹ́ bí n kò ṣe tẹ̀ ẹ́ rí láyé mi. Mo kọjá Agbẹjọ́rò, mo ní kó fà sẹ́yìn. Ó fẹ́ jiyàn, ó rí ojú mi, ó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́, àmọ́ kò fà sẹ́yìn. Mo bá ọkọ mi dọ́gba lápá òsì. Mo sún mọ́ ọn débi pé ìgúnpá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń gbàdúrà. Mo dúró dè é kó wò mí, torí èémí ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Kò wò mí. Iwájú gan-an ló kọjú sí. Ó wá fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan béèrè.

“Agbẹjọ́rò, ìyá rẹ dà?”

Ọmọ náà dáhùn láti ẹ̀yìn pé, “Bàámi, ẹ̀gbẹ́ yín ni wọ́n wà.”

Ẹ̀rù ti bà mí rí. Ó bà mí lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ó bà mí lọ́jọ́ tí àyọ́ọ̀nù jó aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà. Eré ọmọdé ni gbogbo ìyẹn. Inú oòrùn ni mo wà tí ara mi tutù. Tí mo bá ké mọ́ ọn lójijì, á ta gìrì, á wó lù mí, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì wó lé wa lórí. Tí mo bá dákẹ́, táyà iwájú rẹ̀ ti kan ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ló wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn, ó sì gbà pé bàbá òun ń rí ọ̀nà.

Mo rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ tuntun. “Bàbá Agbẹjọ́rò, èmi nìyí, lọ́wọ́ òsì yín.”

Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó dì í mú. Kò yíjú. Ó ní, “Mi ò rí ọ.”

Mo ní, “Mo mọ̀. Ẹ dákẹ́ báyìí. Ẹ máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa gbọ́ mi.”

Èmi tí mo máa ń ní kí wọ́n pa rédíò bọ́ọ̀lù nítorí ariwo, àṣé ohùn àwọn tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù yẹn ti wọ̀ mí lára látìgbà tá a ti fẹ́ra wa. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́, láì dúró, láì gbé ohùn sókè. Mo ní kòtò ń bọ̀ lósì, ẹ fà sọ́tùn-ún, ó tó, ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan ń fẹsẹ̀ rìn lọ́tùn-ún, ó ti rí wa, ẹ má yà. Yanrìn wà níwájú, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ tààrà, ẹ má tẹ bíréèkì lórí rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí wa létí, afárá ń tóbi sí i níwájú, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ga ju orúnkún lọ, mo sì mọ bí omi abẹ́ rẹ̀ ṣe jìn tó. Mi ò wẹ̀yìn. Mi ò láyà láti wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Gẹ́rígẹ́rí sọ fún mi pé gbogbo ohun tí mò ń sọ fún bàbá rẹ̀ ni Agbẹjọ́rò ń fi ọwọ́ sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn, kòtò lósì, ènìyàn lọ́tùn-ún, láì fi ọ̀kan sílẹ̀. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀.

Nígbà tá a dé ìdí afárá, ọkọ mi jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ṣubú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n nídìí aago ń gbọ̀n. Mo bú u. Kí n má parọ́, mo bú u láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́, mo bú aago, mo bú bọ́ọ̀lù, mo bú ẹni tó kọ́kọ́ ṣe kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tì í tí mo sì sunkún débi pé imú mi dí. Ó jẹ́ kí n sunkún tán.

Ó ní, “Mo rò pé tí mi ò bá sọ ọ́ síta, kò tíì ṣẹlẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́, ẹ máa gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, àwọn oníbàárà á gba aago wọn. Kí ló wá máa kù tí wọ́n á máa pè ní Ọ̀gá Aago?”

Mo ní àwa la máa kù, òmùgọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pe ọkọ mi bẹ́ẹ̀, kò sì bínú.

Dókítà ojú ṣàlàyé fún wa. Ó ní nǹkan kan ń fún ojú náà pa láti inú, kì í dunni, kì í pariwo. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀, àárín ló kù, bí ẹni tó ń gba ojú páìpù wo ayé. Ìdí nìyẹn tó fi ń rí irin inú aago tí kò rí ọkọ̀ akẹ́rù. Ìdí nìyẹn tó fi ń sún àga sẹ́yìn, torí bó bá ṣe jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n tó ni gbogbo pápá ṣe ń gba inú páìpù náà. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, oògùn tí á máa kán sójú láàárọ̀ àti lálẹ́ ló máa dá ìyókù dúró. Ọkọ mi béèrè pé ṣé òun ṣì lè máa wo bọ́ọ̀lù. Ó ku díẹ̀ kí n gbá a létí níwájú dókítà.

Ibẹ̀ ni dókítà ti yíjú sí Agbẹjọ́rò, tó ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Dókítà ní ọmọ yín nìyí? A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní irú àìsàn ojú yìí máa ń rìn nínú ẹbí, kí á máa mú un wá fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò lè rọ̀. Èmi ò gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn mọ́.

Wọ́n ní kí Agbẹjọ́rò gbé ojú sínú nǹkan funfun kan tó rí bí abọ́ ńlá, wọ́n fi bọ́tìnnì kan sí i lọ́wọ́. Iná wínníwínní á máa tàn nínú abọ́ náà, tó bá ti rí ọ̀kan, kó tẹ bọ́tìnnì. Èmi tí mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ ò lè rí iná kankan. Àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Tó bá tẹ̀, mo mí. Tí àtàǹpàkò náà bá dúró, èmi náà dúró, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé iná ni kò tàn. Nígbà tí wọ́n parí, ètè mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tí mo ti fi eyín dì í mú. Dókítà ní kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ lọ́dún yìí. Gbogbo wọn gbọ́ “kò sí nǹkan kan”. Èmi, “lọ́dún yìí” ni mo gbọ́.

Aṣebúrẹ́dì bá wa wá kẹ̀kẹ́ kan tí ènìyàn méjì ń gùn. Èmi ni mo wà níwájú, ọkọ mi wà lẹ́yìn tó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹṣin, tó sì ń ráhùn pé bí ẹni tó ń fún omi aṣọ ni mo ṣe ń yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, mo gbé àpótí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, mo ń ròyìn fún un: bọ́ọ̀lù ti bọ́ sósì, ẹni pupa ti gbà á, ó ti pàdánù rẹ̀. Ó ní mò ń ròyìn burúkú, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí n dákẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan la wà lórí èyí. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí bàbá àti ọmọ ń ṣe tẹ̀yìn wọn ló wà lórí pápá. Agbẹjọ́rò dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó gbé àga rẹ̀, ó sì sún un sẹ́yìn.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun kàn fẹ́ jókòó ti bàbá òun ni. Ọmọ tó máa ń kó àwíjàre jọ bí iyanrìn, ẹyọ kan péré ló mú wá. Mo ní kó padà síwájú. Ó ní ibi tí òun wà tẹ́ òun lọ́rùn. Mo kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, mo kọjú sí i, mo ń wo ẹyinjú rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ọkọ mi ń béèrè pé ibo ni bọ́ọ̀lù wà báyìí. Mi ò dá a lóhùn. Ó tún béèrè.

Agbẹjọ́rò fò sókè, ó kígbe “Góòlù!” Òun nìkan ló kọ́kọ́ kígbe. Ó ti balẹ̀ kí ilé kejì tó pariwo, kí àdúgbò tó gbà á. Mo gbá a mọ́ra, mo ń sunkún sí i lọ́rùn, ó ń jà kó lè rí tẹlifíṣọ̀n, ó ní, “Màámi, ṣé ẹ ti wá di ọmọ ẹgbẹ́ wa ni?”

Ọkọ mi ti na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń yọ̀ pẹ̀lú àwọn ará ìta. Ó yíjú wá mi títí ó fi rí mi.

“Ta ló gbá a wọlé?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀. Ọmọ yín ni mò ń wò.”